Ọ̀rọ̀ Ọkàn Nínú Kíláàsì: Bí Ìtàn Àròsọ Yorùbá Ṣe Di Ìwé Ilé Ẹ̀kọ́

Ìtàn àròsọ Yorùbá, ìyẹn ìtàn gígùn tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n inú ara rẹ̀ hun, tí ó sì kọ ní ọ̀rọ̀ geere tí kì í ṣe ewì, ti inú ilé ẹ̀kọ́ dàgbà ju bí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe máa ń rántí lọ. Olùkọ́ ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ilé ìwé ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó kà á, ìwé tí àwọn tí ń ṣètò ìdánwò bá sì mú ni ó máa ń rí ẹni tún un tẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ìwé wọ̀nyí ṣe ń sọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn ẹ̀dá, bí ìfẹ́, owú, ìbẹ̀rù, ìbínú, àánú àti àbámọ̀, kò lè fo ìtàn kíláàsì dá. Ohun tí ìtàn náà sì fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ ọkàn kì í sábà dá wọ kíláàsì: àgbà kan a máa tẹ̀ lé e wọlé, ìbáà jẹ́ àgbà inú ìwé, ìbáà jẹ́ èyí tí ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ níwájú pátákó, tí yóò sọ ohun tí ó yẹ kí ọmọ rí kọ́ níbẹ̀.

Àgbà yìí ti wà kí ìwé tó dé. Nínú àlọ́ onítàn, tí àwọn àgbà máa ń pa fún ọmọdé lálẹ́ nígbà tí iṣẹ́ oòjọ́ bá ti parí, owú orogún, ojúkòkòrò Ìjàpá àti ìyà ọmọ òrukàn kò ṣàjèjì, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ tí apàlọ́ bá ti parí ìtàn kí ó tó bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí àlọ́ náà kọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere dá ilé ìwé sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà pé ìtàn gbọ́dọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nínú. Ohun tí wọ́n mú wá ni ìwé, àti irú ẹ̀kọ́ mìíràn nípa ọkàn. David Hinderer, ajíhìnrere ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ CMS rán sí Ìbàdàn, túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866 gẹ́gẹ́ bí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nínú ìwé náà, ohun tí ń ṣe ọkàn ènìyàn di ibi tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé: àìnírètí di ẹrẹ̀ tí èrò náà rì sí, iyèméjì di ilé olódi tí a há a mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì di ẹrù tí ó gbé pọ̀n. Òǹkàwé Yorùbá tí ó ti mọ ìtàn ọdẹ tí ó wọ igbó tí ó sì bá iwin pàdé kò ní í rí ìṣòro kankan nínú irú ìtàn báyìí. Ọgbọ́n yìí ni òǹkọ̀wé Fágúnwà wá lò ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n kí Fágúnwà tó dé, ìwé kan jáde tí kò ti ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ wá rárá. Isaac Babalọlá Thomas, oníwèé ìròyìn ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn kan jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní 1929, ó sì di odindi ìwé ní 1930. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá ni. Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀, tí obìnrin kan tí ó ti jayé kiri Èkó nígbà èwe rẹ̀ ń kọ sí olóòtú ìwé ìròyìn nígbà tí àìsàn àti òṣì ti dè é mọ́lẹ̀. Ó sọ orúkọ àdúgbò, ó sọ orin tí Èkó ń kọ nígbà náà, ó ń sunkún, ó tún ń fi ẹwà rẹ̀ àtijọ́ yangàn, débi tí àwọn òǹkàwé kan fi gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè lóòótọ́, tí wọ́n sì kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Ìwé náà ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kìlọ̀ náà ni ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀, adùn ohun tí ó ṣe kò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó ń kábàámọ̀ rẹ̀. Àbámọ̀ tí ó dà pọ̀ mọ́ adùn báyìí ṣòro fún olùkọ́ láti fi kọ́ ọmọ ogún nínú kíláàsì. Kò sì yani lẹ́nu pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá, ìwé Fágúnwà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣẹ̀gilọlá ti fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀.

Olùkọ́ ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà kí ó tó di òǹkọ̀wé. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St Andrew's College ní Ọ̀yọ́ láti 1926 títí di 1929, ó sì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn náà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé tí ó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé CMS gbé jáde ní 1938. Ìgbà náà bá ohun tí ìjọba àmúnisìn ń wá mu. Láti 1925, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ti ń sọ pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tí ọmọ lè kà lẹ́yìn tí ó bá ti mọ álífábẹ́ẹ̀tì tán kò pọ̀. Yàtọ̀ sí Bíbélì, ìwé àdúrà, ìwé orin àti àwọn ìwé kíkà, ìyẹn ìwé kéékèèké tí a to ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ní ìpele ìpele, díẹ̀ ni ohun tí ó kù. Ìwé Fágúnwà dí àyè yìí, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láìpẹ́.

Bí a bá yẹ ìwé náà wò pẹ̀lú ojú ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ ọkàn, apá méjì ni ó hàn kedere. Ní ìparí rẹ̀, nígbà tí àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Lángbòdó dé ilé Ìrágbèje, ọjọ́ méje ni ọlọ́gbọ́n yìí fi bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwà, nípa ọmọ títọ́, nípa ìmoore àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Olùkọ́ tí ó bá mú apá yìí kò ní wàhálà: ìwé fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tán. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn wà. Nígbà tí Àkàrà-ògùn, olórí ẹ̀dá ìtàn náà, lọ pè é pé kí ó bá wọn lọ sí Òkè Lángbòdó, ìnáwó ìgbéyàwó ni ó bá Kàkó lẹ́nu rẹ̀. Kàkó gbà láti lọ. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò ní jẹ́ kí ó lọ, Kàkó sì bínú, ó yọ àdá, ó ṣá a, obìnrin náà sì kú. Àwọn ọdẹ ń bá ìrìn-àjò wọn lọ.

Kò sí ohun tí ó tó èyí láti fi dán kíláàsì kan wò. Ìfẹ́ obìnrin náà hàn, ìbínú ọkùnrin náà hàn, ìpè ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìpè ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, òǹkọ̀wé kò sì fi Ìrágbèje kankan síbẹ̀ láti sọ fún ọmọ irú ojú tí yóò fi wò ó. Ẹni tí ó bá kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn akin yóò sọ pé Kàkó fi ìlú ṣáájú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú ìyàwó kà á yóò rí ìpànìyàn níbẹ̀, láìsí ohun mìíràn. Ìwé náà fàyè gba èkíní ju èkejì lọ, nítorí ìyìn àwọn akọni ni ó gbé ìtàn náà ró, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀bẹ̀ obìnrin náà sílẹ̀ débi pé kò ṣeé gbójú fò. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sáré kọjá níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá gbé ọwọ́ sókè nínú kíláàsì láti béèrè ohun tí obìnrin náà ṣe, ìbéèrè rẹ̀ tọ́, kò sì sí ìdáhùn rẹ̀ nínú gbogbo ọjọ́ méje Ìrágbèje.

Àwọn ìwé Fágúnwà tí ó tẹ̀ lé e kò fi ìfẹ́ ṣe ohun àpatì mọ́. Nínú Igbó Olódùmarè, tí ó jáde ní 1949, Olówó-ayé fẹ́ Àjẹ́diran, ọmọbìnrin kan tí ó bá pàdé nínú igbó. Nínú Ìrèké Oníbùdó, ti ọdún kan náà, orúkọ obìnrin tí Ìrèké fẹ́ tilẹ̀ ni Ìfẹ́pàdé. Ṣùgbọ́n Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní 1961, ni ó lọ jìnnà jù. Àdììtú, ọmọ òtòṣì tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Òbìríayé tí ti ìyá rẹ̀ sì ń jẹ́ Ìpọ́njúdìran, di ọlọ́rọ̀ lẹ́yìn ìyà, ó sì rí Ìyùnadé, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Kò fi alárinà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbéyàwó àtijọ́ ṣe là á sílẹ̀, níbi tí ẹnì kẹta ti máa ń bá ìdílé méjèèjì sọ̀rọ̀ kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó ráyè sọ tiwọn. Ó mú kálámù. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀ láàrin àwọn méjèèjì, Fágúnwà sì tẹ àwọn lẹ́tà náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ wọ́n, pẹ̀lú gbogbo àpọ́nlé, ìfiwéra àti ẹ̀bẹ̀ tí èdè Yorùbá lè gbé.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbi yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni. Lẹ́tà kíkọ jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ èdè tí gbogbo ọmọ máa ń ṣe. A pín in sí lẹ́tà gbẹ̀fẹ́, èyí tí a ń kọ sí òbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́, èyí tí a ń kọ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tàbí ìjọba, olùkọ́ a sì máa kọ́ ọmọ ní ibi tí àdírẹ́sì ń gbé, bí ìkíni ṣe rí àti bí a ṣe ń kádìí rẹ̀. Lẹ́tà ìfẹ́ kò sí nínú ìpín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ lẹ́tà tí àwọn ọmọ kíláàsì gíga fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ jù lọ. Fágúnwà, tí ó ti jẹ́ olùkọ́, fún wọn ní àwòkọ nínú ìwé tí bàbá wọn fowó ara rẹ̀ rà fún ẹ̀kọ́. Ọgbọ́n tí ó dá síbẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìranù: ìgbéyàwó ni ìparí rẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì yé gbani níyànjú láàrin. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọ kíláàsì, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ọmọ rere ni.

Láàrin ìwé 1938 àti ti 1961 yìí, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé sì fò láti ìwọ̀nba tí ó dín díẹ̀ sí ìdajì mílíọ̀nù lọ sí ohun tí ó lé ní 800,000 láàrin ọdún kan. Àwọn ilé ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, Longmans, Nelson, Oxford, Evans, Macmillan, rí ọjà, wọ́n sì ń wá òǹkọ̀wé Yorùbá. Fágúnwà ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbàdàn ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1950, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ di aṣojú Heinemann, iṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú nínú omi nítòsí Bídà ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ, tí gbogbo ẹni tí ó ka Aláwíyé mọ̀, tí ó sì ti jẹ́ mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn, tẹ ìtàn àròsọ méjì jáde ní 1964, Ọmọ Òkú Ọ̀run àti Kúyẹ̀. Kúyẹ̀ jẹ́ ìtàn ọmọ òrukàn kan tí kò lè sọ̀rọ̀, àánú sì ni gbogbo ìwé náà dá lé. Ọ̀nà tí Ọdúnjọ gbà yàtọ̀ sí ti Fágúnwà: ẹni tí ìyà ń jẹ kò lè sọ bí ó ṣe rí lára rẹ̀, òǹkàwé ni ó gbọ́dọ̀ bá a rò ó. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá, ẹ̀kọ́ ńlá nínú fífi ara ẹni sí ipò ẹlòmíràn ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò ìwàásù.

Ìdánwò ni ó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní 1952 ni a dá àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAEC, sílẹ̀, Yorùbá sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ọmọ lè fi gba ìwé ẹ̀rí. Láti ìgbà náà ni ìwé àṣàyàn, ìyẹn ìwé tí àjọ ìdánwò yàn pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kà fún iye ọdún kan, ti di ohun tí ń darí kíkà. Ìwé tí a bá yàn a tà bí ẹni ta iyọ̀. Ìwé tí a kò yàn, bí ó ti wù kí ó dára tó, àfi ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìwé ni yóò wá a kiri. Ìdánwò sì ní èdè tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó jókòó tì láti fi Yorùbá ṣe: kókó ọ̀rọ̀, ohun tí ìtàn dá lé lórí, àhunpọ̀ ìtàn, bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe ń bí òmíràn, ẹ̀dá ìtàn, ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, ibùdó ìtàn, àyè àti àkókò tí ó ti ṣẹlẹ̀. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984, ó sì fi ọ̀pọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí múlẹ̀. Bámgbóṣé kan náà ni ó ti kọ odindi ìwé lórí àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àǹfààní tí èyí ṣe kò kéré. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé òǹkọ̀wé hun ìtàn ni, pé kò kàn ṣẹlẹ̀, lè béèrè ìdí tí ó fi hun ún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò rí àyè nínú èdè yìí. Nínú ìbéèrè ìdánwò, ẹ̀dá ìtàn ni ẹni tí a ń ṣe àkójọ ìwà rẹ̀: ó jẹ́ olóòótọ́, ó jẹ́ onínúfùfù, ó fẹ́ràn obìnrin, pẹ̀lú ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti fi ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́. Ohun tí ó ń ṣe ẹ̀dá ìtàn nínú, bí ó ṣe ń fẹ́ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ, kò rọrùn láti fún ní máàkì, nítorí náà a kì í sábà béèrè rẹ̀. Àwọn ìwé ìrànlọ́wọ́ tí ó kún ọjà, tí wọ́n sọ ìtàn ní ṣókí tí wọ́n sì to ìwà ẹ̀dá ìtàn kalẹ̀ fún àkọ́sórí, ìbéèrè báyìí ni ó bí wọn. Ọmọ lè yege láìka ojú ewé kan nínú ìwé àṣàyàn fúnra rẹ̀.

Èyí ni ó mú kí ìtẹ̀jáde Ó Le Kú ní 1974 jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a pe àfiyèsí sí nínú ìtàn yìí. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, olùkọ́ yunifásítì, ẹni tí ó ti gbajúmọ̀ pẹ̀lú eré onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, kọ ìtàn Àjàní, ọmọ yunifásítì Ìbàdàn tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kí ó mú ìyàwó wálé. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Kò sí iwin, kò sí ọba òṣìkà, kò sí olè. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí a lè pè ní ẹni ibi. Ọkùnrin kan wà tí kò mọ inú ara rẹ̀, tí ó ń ṣe ìlérí fún ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ nítorí pé ẹni náà ni ó wà níwájú rẹ̀, tí ó sì ń rò pé òun kò puró. Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdí tiwọn, wọ́n ní iyì tiwọn, ìwà wọn kò sì jọra. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń sọ, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ àti àdàpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe èdè Fágúnwà tí ń dún bí ìlù.

Ohun tí Ìṣọ̀lá yọ kúrò ni àgbà tí ń kìlọ̀. Ìyá Àjàní wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni òun náà ń lé, kì í ṣe òun ni adájọ́. Nígbà tí ìbànújẹ́ dé, kò sí Ìrágbèje tí yóò jókòó fún ọjọ́ méje láti ṣàlàyé rẹ̀. Òǹkàwé ni ó kù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an sì ni kíláàsì ti lè ṣe ohun tí kò rọrùn fún un láti ṣe pẹ̀lú ìwé ìṣáájú: kí ọmọkùnrin gbèjà Àjàní, kí ọmọbìnrin bi í léèrè bí ó bá jẹ́ àbúrò rẹ̀ ni Àṣàkẹ́, kí ẹlòmíràn sọ pé ìyá ni ó fa gbogbo rẹ̀, kí olùkọ́ sì dákẹ́ díẹ̀. Láìka bí ìwé mìíràn ti ọdún wọ̀nyẹn ṣe dára tó, bí Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí ní 1969, tí ó gbé ọkàn ẹni tí kò fẹ́ sìnrú mọ́ kalẹ̀, tàbí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ní ọdún kan náà, tí ó fi ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìyẹn ìtàn ìwádìí ọ̀ràn, fi ìbínú àti ojúkòkòrò hàn, kò sí èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ lé òǹkàwé lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà wọ inú kíláàsì, ìdánwò sì tún dá àgbà padà sípò rẹ̀. Ìbéèrè tí ó bá ní kí ọmọ jíròrò ẹ̀kọ́ tí ìtàn Àjàní kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ìdáhùn kí ó tó béèrè: kí ọmọkùnrin má ṣe kó obìnrin jọ, kí òbí má ṣe kánjú, kí ọmọbìnrin ṣọ́ra. Irọ́ kọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohun tí Ìṣọ̀lá fẹ́ sọ nìyẹn nìkan, ojú ewé kan ìbá tó o.

Ohun tí kíláàsì kò fàyè gbà, fíìmù fàyè gbà á. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù, Ìṣọ̀lá sì lọ́wọ́ nínú kíkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni ó yẹ kí Àjàní fẹ́ sì di ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ilé, àwọn aránṣọ àti àwọn awakọ̀. Ìró kúkúrú àti bùbá tí àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà wọ̀, tí ó jẹ́ aṣọ ìgbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀, padà sóde, àwọn ènìyàn sì pe aṣọ náà ní olékú. Ìwé kíláàsì mélòó ni ó ti sọ aṣọ lórúkọ rí? Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti kọ ìwà Àjàní sí ìwé ìdáhùn gẹ́gẹ́ bí àkọ́sórí ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó wá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n láti jiyàn lórí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Láti 2011, nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun fún ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà bẹ̀rẹ̀, èdè abínibí kò sí lára iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe mọ́. Ẹni tí ó bá wù ni ó ń yàn án, iye àwọn tí ń ka ìtàn àròsọ Yorùbá pẹ̀lú olùkọ́ sì sinmi lórí bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe fẹ́ ẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2018 pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, ti ìjọba àti ti aládàáni, ní ọdún kan náà tí Ìṣọ̀lá kú. Òfin lè dá akẹ́kọ̀ọ́ padà sórí àga. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọn óò bá níbẹ̀ àti irú ìbéèrè tí a óò bi wọ́n nípa ìyàwó Kàkó, nípa lẹ́tà Àdììtú tàbí nípa Àṣàkẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń yan ìwé àṣàyàn àti àwọn tí ń ṣe ìwé ìdánwò, òfin náà kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.